Bàtà Tó Ń Ké

Nígbà tí Sọ̀fíyàt gbọ́ tí bàtà náà ń ké kọjá lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó tú fóònù oníbàárà kan sílẹ̀ níwájú, kò sì fẹ́ kí àwọn ìṣó kéékèèké inú rẹ̀ já bọ́ sílẹ̀. Ó kàn sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé, "Alihamudu lilahi, Bàámi ti kírun tán, wọ́n ti ń lọ sílé." Ó bá tún dojú kọ iṣẹ́ rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ni Àlàájì Yésúfù, tó ta aṣọ òfì l'Ójé fún ogójì ọdún. Ó ti tó ọdún méjì tí ìgbàgbé ti wọlé tọ̀ ọ́. Á jẹun tán, á ní òun ò tíì jẹun. Á jáde láti tutọ́, wọ́n á lọ mú un ní Mọ́kọlá. Àwọn ẹ̀gbọ́n Sọ̀fíyàt tó wà l'Ékòó ní kí ó máa ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Sọ̀fíyàt ní òun ò ní ti ilẹ̀kùn mọ́ bàbá òun bí ẹni ń ti ewúrẹ́ mọ́lé. Òun ló wá ń di ọwọ́ bàbá mú lọ sí Jímọ́ọ̀, tó sì ń di ọwọ́ rẹ̀ mú bọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Jímọ́ọ̀ gan-an ni oníbàárà máa ń pọ̀ jù, ìyẹn sì ń dùn ún.

Ó ra fóònù kékeré fún bàbá, bàbá gbàgbé rẹ̀ síbi tó ti ń ṣe àlùwàlá. Ó ra òmíràn, bátìrì rẹ̀ kú sínú àpò. Ó wá pinnu láti ṣe ohun tí kò nílò bátìrì rárá. Ó tú àwọn nǹkan ìṣeré ọmọdé tó máa ń kọrin, ó yọ àwo idẹ pẹlẹbẹ inú wọn, ó sì tò wọ́n sí àtẹ́lẹ̀ bàtà rọ́bà dúdú tí bàbá rà l'Ọ́jà'ba. Bí ẹsẹ̀ bá ti tẹ àwo náà, iná mànàmáná díẹ̀ á jáde lára rẹ̀, ìwọ̀nba tó lè mú kí nǹkan kékeré kan ní gìgísẹ̀ ké bí òròmọdìẹ. Kí bàbá ṣáà ti máa rìn, òun á máa gbọ́ ibi tó bá gbà. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń wọ̀ ọ́ káàkiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti dán an wò, títí àwọn ará ilé fi ń bi í pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í sin adìẹ.

Ọmọ Mùsùlùmí, ọmọ àdúgbò Àrẹ̀mọ, tó ti ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí láti kékeré! Ó ronú kan gbogbo nǹkan, kò ronú kan ìyẹn.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ yìí, nígbà tó gbé oúnjẹ délé, yàrá bàbá ṣófo. Ó wá gbọ́ igbe bàtà náà lágbàlá kejì. Àlàájì Mikail, aládùúgbò wọn, ló ń gbé kẹ́tùlù omi kọjá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń ké, kò sì gbọ́ nǹkan kan, torí etí rẹ̀ ti di tipẹ́.

"Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́, bàtà ẹsẹ̀ yín!" Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pariwo kí baba náà tó wo ilẹ̀.

"Háà! Ti Yésúfù ni? Gbogbo ẹ̀ náà ló dúdú. Òun náà dà?"

Sọ̀fíyàt gba bàtà, ó bẹ́ sí eré. Bàtà Àlàájì Mikail nìkan ló ṣẹ́kù lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí, kò sì sí ẹnì kankan nínú rẹ̀ mọ́. Inú oòrùn gangan yẹn ni bàbá rìn lọ, láìwọ bàtà. Ẹ̀rù bà á. Ó ń bi ẹni tó ń ta gààrì, ó ń bi ọlọ́kadà. Ẹnì kan ní òun rí bàbá arúgbó kan tó ń rìn lórí títì ọlọ́dà gbígbóná. Òmíràn nawọ́ sọ́nà Òjé.

Ibẹ̀ ló ti bá a nígbà tí wọ́n ń pe ìrun Àsárì, ó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àtijọ́ tó ti di tẹlòmíràn. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó, ẹ̀jẹ̀ sì ti gbẹ sí i.

Ó kúnlẹ̀. "Bàámi."

Bàbá wo ojú rẹ̀ títí. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá. Ẹ ò bá mi rí ọmọ mi? Sọ̀fíyàt ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ti wọ bàtà mi lọ, òun ló sì ṣe é fún mi."

Kò mọ̀ ọ́n mọ́. Omijé gba ojú Sọ̀fíyàt. "Bàtà kan ṣẹ́kù lẹ́nu ọ̀nà," ló sọ. "Kí ló dé tí ẹ ò wọ ìyẹn?"

"Kì í ṣe tèmi," ni bàbá dáhùn. "Ẹni tó ni ín á wá a."

Sọ̀fíyàt ra omi inú ọ̀rá, ó fọ ẹsẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀, ó ya ìborùn rẹ̀ wé e, ó sì rọra wọ bàtà náà fún un. Bàbá dìde, bàtà ké. Ojú rẹ̀ tàn.

"Òun nìyí! Ọmọ mi ló ṣe é. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n," ni Sọ̀fíyàt wí. "Òun ló ní kí n wá mú yín lọ sílé."

Láti ọjọ́ náà, bó bá ti di ọ̀sán Jímọ́ọ̀, ó máa ń ti ṣọ́ọ̀bù. Á lọ jókòó lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí, á gbé bàtà náà lé itan. Bí bàbá bá jáde, á na ẹsẹ̀ sí i, á ní, "Ẹ ṣeun, ìyá." Sọ̀fíyàt á wọ̀ ọ́ fún un, á sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.