Bẹ́árìn Ìrù

Ó tún ha. Àbí kò ha? Jẹ́ kí n tún un yí... jẹ́ẹ́jẹ́... bẹ́ẹ̀ ni, ibẹ̀ yẹn, ó ń ha mí lọ́wọ́ bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀. Bẹ́árìn tí kò ju ìdérí ìgò lọ. Òun ló di abẹ̀bẹ̀ ìrù hẹlikópútà yìí mú, òun náà ló dè mí mọ́ ilẹ̀ gáréèjì yìí, nígbà tí àbúrò mi ń rọbí ní òdìkejì odò, tí omi sì ti gbé afárá lọ.

"Ṣebí ìwọ lò ń tún un ṣe? Kí ló wá dé tí o ò lè ní kí wọ́n gbé e wá, kí wọ́n fi gbé àbúrò rẹ lọ sọ́sibítù?" Màmá mi nìyẹn, lórí fóònù, láti ọ̀dọ̀ àbúrò mi lọ́hùn-ún. Kí ni kí n sọ? Pé àṣẹ wà — kí hẹlikópútà tó gbéra, ẹ fọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀ ìrù, tí bẹ́árìn bá ha bó ti wù kó kéré mọ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò gbọdọ̀ fò? Ó ní ẹ̀jẹ̀ ti ń dà jù. Ó ní nọ́ọ̀sì kàn ń sáré kiri ni.

Bẹ́árìn tuntun wà lọ́nà. Dẹ́rẹ́bà tó ń gbé e bọ̀ ní òun ti ń wọlé bọ̀. Láti àárọ̀ ló ti ń wọlé bọ̀.

Ìyá Ìrù ni wọ́n ń pè mí níbí. Wọ́n ní mi ò kí ojú bàálù rí, ìdí ẹ̀ nìkan ni mò ń kí. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Tí ìrù bá dáṣẹ́ sílẹ̀ lókè, hẹlikópútà á máa pòòyì bí òkòtó ni, títí á fi já lulẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé níbí, ẹni tó bá sọ pé ìrù dáa ló ń bá páìlọ́ọ̀tì jókòó sínú ẹ̀ tó bá ń fò. Tó bá jẹ́ tèmi nìkan ni... ǹ bá ti wà nínú ẹ̀, ǹ bá ti de bẹ́líìtì. Àmọ́ páìlọ́ọ̀tì ńkọ́? Ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákòrò. Páìlọ́ọ̀tì ti ní, "Àǹtí, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ o. Tẹ́ ẹ bá ti ní ó dáa, a ti lọ nìyẹn." Kò tiẹ̀ béèrè nǹkan kan.

Gírísì... mo kàn ní kí n fi gírísì tuntun sí i wò ni. Díẹ̀. Mo yí i — kò ha! Ó ń yí geere. Ayọ̀ gbà mí lọ́kàn, mo ti ya ẹnu láti pe páìlọ́ọ̀tì — dúró. Dúró ná. Ta ni mò ń tàn? Gírísì ò wo bẹ́árìn sàn, ó kàn pa á lẹ́nu mọ́ ni. Èmi tí mo máa ń torí irú ẹ̀ bú àwọn yòókù.

Mo fi àkísà nù ún. Mo yí i. Ó ha.

Fóònù ń dún. Màmá mi ni. Ọwọ́ mi ṣì wà lára abẹ̀bẹ̀, ó tún fẹ́ yí i... Ọlọ́run mi. Gbogbo yíyí tí mò ń yí i láti àárọ̀ yìí, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò rárá. Mò ń bẹ̀ ẹ́ kó má ha ni.