Àga Oníkẹ̀kẹ́ Tí Kò Lọ Tààrà

“Màmá, ẹ ti tú páálí rẹ̀. Bí ẹ bá ti tú páálí, ọjà ti di tiyín nìyẹn.”

Ọ̀dọ́kùnrin kan ló ń bá ìyá rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá ti àga oníkẹ̀kẹ́ tuntun náà síwájú. Táyà ọ̀tún ń yí, tòsì ń wọ́ nílẹ̀, àga sì yà lọ forí sọ ògiri. Lórí ibùsùn, bàbá tó ti wa ọkọ̀ akẹ́rù títí àrùn rọpárọsẹ̀ fi dá a dúbúlẹ̀ fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín.

“Èyí ò mọ̀nà,” ni bàbá wí, ọ̀rọ̀ ń fà lẹ́nu rẹ̀. “Ẹni tó tà á ò sì nítìjú.”

Ìyá yíjú sí ọmọ. “Ṣé inú páálí ni kí n gbé bàbá ẹ jókòó sí? Tí mi ò bá tú u, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó yarọ?”

“Òfin iléeṣẹ́ ni, mà.”

Irọ́ ni, ó sì mọ̀. Iléeṣẹ́ tó ń tajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ìyá ti ra àga náà, ló ń bá ṣiṣẹ́, òun ló ń gbé fóònù àwọn oníbàárà. Nítorí ohùn rẹ̀ tó tutù ni wọ́n ṣe ń pè é ní Olóhùn Oyin níbẹ̀. Òfin tòótọ́ ni pé bí ọjà bá dé pẹ̀lú àbùkù, oníbàárà lè gba òmíràn tàbí kí ó gba owó rẹ̀, ì báà tú u, ì báà má tú u. Ṣùgbọ́n ọ̀gá wọn ti kọ́ wọn: “Ẹ máa fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dá wọn dúró. Bó bá rẹ̀ wọ́n, wọ́n á lọ jókòó.”

“Aránṣọ ni mí,” ni ìyá wí. “Bí mo bá rán ẹ̀wù tí apá kan gùn ju èkejì lọ, ṣé kí n sọ fún oníbàárà pé ó ti di tiẹ̀, torí ó ti wọ̀ ọ́ wò?”

“Wọ́n ní ká máa sọ bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ta ni wọ́n?”

Ìyá wò ó tìkà-tẹ̀gbin. “Èmi sì ń yangàn kiri pé ọmọ mi ríṣẹ́ gidi. Irọ́ lẹ̀ ń tà níbẹ̀, páálí lẹ kàn fi ń dì í. Ó dáa. Bá mi gbé ẹsẹ̀ bàbá ẹ, kí n tẹ́ aṣọ ibùsùn.” Bí ẹni ń bá alágbàṣe sọ̀rọ̀ ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀dọ́kùnrin náà lọ bá ọ̀gá níbi iṣẹ́, ó ṣàlàyé. Ọ̀gá kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára fóònù rẹ̀.

“Ìwọ náà kẹ̀? Ara wa ni ẹ́. Wọ́n á gbé òmíràn lọ bá àwọn òbí ẹ lónìí. Má ṣáà jẹ́ kí wọ́n gbọ́ níta, kí gbogbo ayé má lọ rò pé owó ni à ń pín.”

“Ẹ ṣeun, sà,” ló wí. Ọpẹ́ náà korò lẹ́nu rẹ̀.

Kò tíì jókòó dáadáa tí fóònù fi dún. Ìyá ìkókó kan ni. Ẹsẹ̀ ibùsùn ọmọ rẹ̀ ti kán kó tó dé ọwọ́ rẹ̀, ó sì ti pè títí ó fi sú u.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀ yín.”

“Ẹ má bẹ̀ mí, mà. Ẹ ò jẹ wá ní ẹ̀bẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ibi tó ti kán, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé owó yín lẹ fẹ́ gbà. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé kò ṣeé ṣe, irọ́ ló ń pa.”

Ẹni tó jókòó tì í yọ ohun tó fi sétí, ó ń wò ó. Ọ̀gá dìde lẹ́yìn gíláàsì, ó ń bọ̀. Nígbà tó dé orí rẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin náà gbé ọwọ́ kan sókè pé kí ọ̀gá ní sùúrù, láì wojú rẹ̀.

“Ẹ máa wí, mà,” ló sọ sínú fóònù. “Mò ń gbọ́ yín.”