Wọ́n Sọ Kókó Ọrùn Mi Lórúkọ

Bísí, má rẹ́rìn-ín o. Ṣé o rántí pé dókítà ní kókó ọrùn mi yìí kì í ṣe jẹjẹrẹ, pé irú ẹ̀ kò wọ́pọ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó fà á? Mo lálàá lóru pé wọ́n ti yọ ọ́, wọ́n fi aṣọ funfun wé e, a wá ń sọ ọ́ lórúkọ ní pálọ̀ wa. Wọ́n ń gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́, wọ́n ń wo ẹni tó jọ.

Màmá mi ní Iṣẹ́-Ayé lòun sọ ọ́. Ìyá ọkọ mi fi oyin kàn án lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ kò lẹ́nu, ó ní, "Àfọwọ́fà lorúkọ tèmi." Gbogbo ilé ṣe àmín. Mo bẹ dókítà pé kó sọ tiẹ̀. Iyọ̀ ìsọmọlórúkọ ló kàn ń lá. Ni wọ́n bá gbé e padà sí mi lọ́rùn: "Ìyá ọmọ, gba ọmọ ẹ."

Mo jí, mo fọwọ́ kàn án, ó wà níbẹ̀. Kí n tó mọ̀, Bísí, mo ti ní, "Àfọwọ́fà, ṣé o jí dáadáa?"