Bọ́tìnnì Tí Bàbá Tuntun Dá Padà

Sátidé ni àbúrò mi ń lọ sí òkè òkun, kò sì mọ ìgbà tí òun máa padà. Òun nìkan ni ìyá mi bí lé mi. Mo fẹ́ sìn ín dé ibùdó ọkọ̀ òfúrufú, n ò wá ju ìyẹn lọ.

Àwa márùn-ún là ń fọ aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń gba ìsinmi ní Sátidé. Bọ́tìnnì la fi ń yan ẹni náà: dúdú mẹ́rin, funfun kan, nínú àpò ìrọ̀rí. Ẹni tó bá mú funfun, ó dilé nìyẹn. Ẹni tó bá mú dúdú, kó gbé e sórí tábìlì, kó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Mo sọ ìrìn àjò àbúrò mi fún wọn, mo bẹ̀ wọ́n kí n mú kẹ́yìn. Mo ti rò ó dáadáa: bí wọ́n bá kó dúdú kúrò tán, kí ló kù?

Tíṣà ló ń lọ aṣọ. A sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ torí ó máa ń ṣàlàyé ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi í. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú ṣáájú o, ẹ mú kẹ́yìn o, ọ̀kan nínú márùn-ún náà ni. Ẹnì kan lè ti mú funfun kó tó kàn yín."

"Ṣé mo bi ẹ́ ni?"

Ọ̀gá wa na àpò sí wa. Ẹni àkọ́kọ́ mú dúdú. Bàbá Tuntun, arúgbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, mú dúdú. Aránṣọ wa mú dúdú. Tíṣà náà mú dúdú. Mo ti ń jó kí n tó ki ọwọ́ bọ àpò.

"Tíṣà, ọ̀kan nínú mélòó ló kù báyìí?"

"Ọ̀kan nínú ọ̀kan ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kú oríire."

Mo fa ọwọ́ yọ. Dúdú.

Ibi tí mo fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀. Ọ̀gá ka bọ́tìnnì orí tábìlì, ó jẹ́ mẹ́ta dípò mẹ́rin. "Ta ló dá tiẹ̀ padà sínú àpò?"

Bàbá Tuntun nawọ́. "Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, téèyàn bá wò ó tán, á dá a padà ni. Kí oníkálukú lè bá àpò náà bákan náà."

Tíṣà ní ìyẹn náà dáa, pé bó bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tẹ́nì kan mú ò ní í kan ẹlòmíì. Mo ní tó bá tún la ẹnu, màá fi áyọ́ọ̀nù lọ ètè ẹ̀.

Ọ̀gá kó gbogbo ẹ̀ padà, ó ní ká tún un mú. N ò yan àyè mọ́. Bàbá Tuntun ló kọ́kọ́ mú, funfun ló sì mú.

"Kí ni mo fẹ́ fi ìsinmi ṣe?" Ìyàwó ẹ̀ ti kú, kò sẹ́ni tó ń dúró dè é nílé. "Ẹ fún obìnrin yìí."

Ọ̀gá ní ìsinmi kì í ṣe aṣọ tí wọ́n ń yá ẹni wọ̀. Ó ti kọ orúkọ. Inú bí mi débi pé nígbà tí bàbá náà bi mí ní orúkọ àbúrò mi àti aago tó máa gbéra, mo kàn ju ìdáhùn sí i ní ṣókí, mo yíjú.

Ní Sátidé, fóònù mi dún láàárín ariwo ẹ̀rọ. Àbúrò mi ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bàbá arúgbó kan wà níbí o. Ó ní òun wá sìn mí. Ó bá mi gbé àpótí, ó ti ṣàdúrà fún mi lẹ́ẹ̀mẹta, ó tún ń sunkún. Ta ni?"

"Ẹbí wa ni," mo wí. "Dì mọ́ ọn fún mi."

Mo jókòó sórí aṣọ ìdọ̀tí, mo sunkún tèmi náà.