Ìbò Tí Lalla Zhúr Dì

Sáà mẹ́ta ni Rátíbà fi ṣe aṣòfin fún àdúgbò wa ní Casablanca. Lọ́dún yìí, ó fìdí rẹmi nínú ìbò. Lọ́jọ́ kejì, ó jókòó sílé, ojú ń tì í, tíì rẹ̀ ti tutù. Bẹ́ẹ̀ ni Lalla Zhúr, arúgbó ilé kejì, wọlé.

"Ọmọ mi, omi ò yọ lẹ́nu ẹ̀rọ wa. Dìde ká lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ omi!"

"Ìyá, mi ò kì í ṣe aṣòfin mọ́. Ẹ lọ bá ẹni tẹ́ ẹ dìbò fún."

"Ẹni tó borí rẹ ni mo kúkú dìbò fún! Nígbà tó o wà nílé aṣòfin ní Rabat, ta ló ń bá wa pariwo níbí? Mo fẹ́ kó o padà wálé ni."

Rátíbà bú sẹ́rìn-ín, ó wá bàtà rẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, omi ti ń tú yàà.