Ẹnu Ọ̀nà Iwájú ni Tíṣà Yóò Gbà

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó wà lórí ẹní, kó nasẹ̀. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà, kó máa jẹ ẹ́ lọ. Ìtàn obìnrin kan ni mo fẹ́ sọ fún yín, ẹ̀pà ọwọ́ yín kò sì ní tán kí n tó sọ ọ́ tán.

Adéníkẹ́ lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Tíṣà ni gbogbo Ìdúmàgbò ní Èkó ń pè é. Iṣẹ́ rélùwéè ni Dáfídì ọkọ rẹ̀ ń ṣe, ibi tí wọ́n bá sì gbé Dáfídì lọ ni Tíṣà ń bá a lọ: Ọ̀fà, Kàfánṣán, Jọ́ọ̀sì. Ìlú tí wọ́n bá dé, kó tó tú ẹrù ìdáná, yóò ti gbé pátákó kọ́ ògiri, yóò máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní A, B, D. Ó tilẹ̀ re Sàró lọ kọ́ṣẹ́ sí i. Nígbà tí àìsàn dá Dáfídì wó ní Jọ́ọ̀sì, òun ló ń fi ṣíbí bọ́ ọ títí ó fi dìde. Bí wọ́n bá sì ti dé Èkó fún ìsinmi, ó di kí àwọn ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ máa sá fún ìṣirò. Àrìnjù ló ń mú ni rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Tíṣà rìn, ó rí. Ọmọ nìkan ni kò rí bí.

Ọdún kejì tí ìjọba ní kí mọ́tò máa gba ọwọ́ ọ̀tún ni Tíṣà kú. Jíbrílù, ọmọ ẹ̀gbọ́n Dáfídì, ni dáwódù, olórí ilé ẹbí wọn ní Ìdúmàgbò, ọwọ́ rẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ ilé wà. Ó pe ẹbí jọ sí àgbàlá.

"Bàbá, ẹ má bínú," ó wí fún Dáfídì. "Ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ilé yìí kì í tẹ́ òkú ẹni tí kò bímọ sí pálọ̀. Tí ẹ bá ní dandan ni kó dé ilé, ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé wà níbẹ̀."

Dáfídì fi ọ̀pá lu ilẹ̀. "Jíbrílù, ẹnu ọ̀nà iwájú ni mo gbà mú un wọlé. Ibẹ̀ náà ni yóò gbà."

"Ọmọ wo ni yóò dúró tì í lórí?"

Dáfídì kọjú sí àwọn èèyàn, ó pariwo: "Ìbàdíàrán!"

Abọ́sẹ̀dé, àbúrò Jíbrílù tó ń ta aṣọ ní Balógun, dìde. "Èmi rèé, Bàbá."

Ẹ ṣáà mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Tíṣà ti fún gbogbo wọn lórúkọ tirẹ̀. "Ọkọ mi" ló ń pè wọ́n, kódà bó bá di etí wọn mú.

"Akọ̀wé!" Bashiru dìde.

"Adúmáadán!" Ganiat dìde tẹkúntẹkún.

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́!"

Kò sẹ́ni tó dìde. Ojú gbogbo wọn lọ bá Jíbrílù, tí ikùn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́tìnnì. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó tètè fọwọ́ bo ẹnu.

Ara Jíbrílù gbóná. "Ọkọ rẹ̀ ni gbogbo àwọn wọ̀nyí! Wọn kì í ṣe ọmọ rẹ̀!"

Abọ́sẹ̀dé tú gèlè, ó fi dì í mọ́ ìbàdí. "Ẹ ṣeun, Bùọ̀dá! Ẹ ti dá ẹjọ́ náà fúnra yín. Ìyàwó tó lọ́kọ rẹpẹtẹ báyìí, ta ló ń mú un gba ẹ̀yìnkùlé wọlé? Ṣé olè ni, àbí àlè?"

"Abọ́sẹ̀dé, obìnrin ni ẹ́ o!"

"Ọkọ ni mí. Tíṣà ń kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀ kó tó fà mí létí. Kọ́kọ́rọ́ yẹn, tó bá wù yín, ẹ gbé e mì. Ilẹ̀kùn ọ̀hún la ó yọ kúrò lára ògiri. Bashiru, òòlù dà?"

Bashiru kò béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ó lọ gbé e wá.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí mọ́tò agbókùú dé, ilẹ̀kùn iwájú ti ṣí sílẹ̀ gbayawu, kọ́kọ́rọ́ Jíbrílù wà lára rẹ̀, òòlù sì wà lọ́wọ́ Abọ́sẹ̀dé síbẹ̀. Àwọn obìnrin ilé bu omi sínú igbá láti dà á sẹ́nu ọ̀nà, bí a ti í wẹsẹ̀ ìyàwó tuntun. Jíbrílù jáde, ó wo inú igbá, ó bojú jẹ́.

"Ta ló bu omi bíńtín yìí? Ẹsẹ̀ ìyàwó mi lẹ fẹ́ fi èyí wẹ̀?"

Ó lọ gbé garawa fúnra rẹ̀.

Bí mo ti gbọ́ ọ nìyẹn. Abọ́sẹ̀dé ló sọ ọ́ fún ìyá mi nídìí aṣọ títà, ìyá mi ló sọ ọ́ fún mi lábúlé. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bá a ní Balógun. Òòlù ọ̀hún kò tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.