Ìyá Aránṣọ Wọ Ojú Ogun

1.

…ó sì tún kú. Kò tíì rìn jìnnà.

O TI KÚ. ṢÉ O FẸ́ TÚN BẸ̀RẸ̀?

Ìyá aránṣọ nu awò ojú rẹ̀. Ó gbàdúrà ráńpẹ́. Ó tẹ BẸ́Ẹ̀ NI.


2. ÌKÌLỌ̀

(Bàbá ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn yàrá ọmọbìnrin wọn. Ẹnikẹ́ni kò tíì já a.)

KÒ SÍ GÉÈMÙ MỌ́ NÍNÚ ILÉ YÌÍ. ẸNI TÍ KÒ BÁ LÈ FI GÉÈMÙ SÍLẸ̀, KÍ Ó FI ILÉ SÍLẸ̀.


3.

Ẹyin lọ̀rọ̀. Ó balẹ̀. Ọmọ kó ẹrù rẹ̀.


4. Ohun tí ìyá náà sọ nígbà yẹn

Iṣẹ́ Èṣù ni.

Ojú rẹ á fọ́.

Ọkùnrin wo ló fẹ́ fẹ́ ajagun?

Bàbá rẹ ti sọ̀rọ̀.


5. Fóònù

Ẹni tí ẹ ń pè kò sí ní àrọ́wọ́tó.


6.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe ládùúgbò ló sọ fún un pé, “Mo ṣì ń rí ọmọ yín nínú géèmù, mà. Ìjì ló ń jẹ́ níbẹ̀.”

Obìnrin inú Ìwé Mímọ́ tan fìtílà, ó gbálẹ̀, ó ń wá owó fàdákà tó sọnù. Ìyá aránṣọ gbé kọ̀ǹpútà sẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì ìránṣọ.


7. Ẹ̀kọ́

ATÚNKỌ̀ǸPÚTÀṢE: Mà, ẹ má dúró lójú kan.

ÌYÁ: Mò ń kí wọn ni.

ATÚNKỌ̀ǸPÚTÀṢE: Ọ̀tá nìyẹn, mà.

ÌYÁ: Ṣé ọ̀tá ò ní ìyá ni?

ATÚNKỌ̀ǸPÚTÀṢE: Ó ní, mà. Ó ní ìbọn pẹ̀lú.


8. Ojú ogun

ÌYÁ ARÁNṢỌ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi.

O TI KÚ.

ÌYÁ ARÁNṢỌ: Ẹ kú ewu. Ṣé ẹ ti jẹun?

O TI KÚ.

ÌYÁ ARÁNṢỌ: Ta ló mọ Ìjì? Ẹ sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ń wá a.

AJAGUN KAN: Mà, ẹ sá.

O TI KÚ.


9.

BÀBÁ: Ìwọ náà ti di ọmọdé.

ÌYÁ: Ẹ jókòó, baálé mi.

Ó jókòó.


10.

Ẹnìkan jáde látẹ̀yìn ògiri tó wó, ó wọ ìhámọ́ra láti orí dé ẹsẹ̀. Orúkọ kan wà lókè orí rẹ̀.

ÌJÌ.

Kò yìnbọn. Ó ń wò.

Lẹ́yìn náà, ó kúnlẹ̀.

ÌYÁ: Ẹ wò ó. Ó ń kí mi.

BÀBÁ: Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe tí wọn ò bá fẹ́ kí ìbọn tàsé.

ÌYÁ: Ta ló sọ fún yín?

BÀBÁ: Òun ni. Ó kéré nígbà náà. Orí ẹsẹ̀ mi ló jókòó sí.

Ìyá kò sá. Ìka kan ṣoṣo ló fi ń tẹ̀wé, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn:

ÌYÁ ARÁNṢỌ: Dìde, ọmọ mi. Wàá pẹ́ láy—

O TI KÚ.